Ibi Tí Òkúta Ń Bà: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rá PPF Lára Ọkọ̀ Spọ́ọ̀tì

Ẹ wo Porsche 911 tí ìdí rẹ̀ gbòòrò, irú bíi Turbo. Níwájú táyà ẹ̀yìn, níbi tí ara ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síta, ọ̀rá kékeré kan wà níbẹ̀ tó mọ́ gaara, tí ojú lè fò bí ẹ ò bá tẹjú mọ́ ọn. Ilé iṣẹ́ Porsche fúnra wọn ló lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ kí ọkọ̀ náà tó jáde. Wọ́n mọ̀ pé táyà iwájú yóò máa ta òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn, ibẹ̀ gan-an ni yóò sì máa bà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń béèrè bóyá ọ̀rá PPF, ìyẹn ọ̀rá tó ń dáàbò bo ọ̀dà ọkọ̀, ń ṣiṣẹ́ ti pẹ́ kó tó béèrè. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti dáhùn. Ìbéèrè tó kù, tí owó wà nídìí rẹ̀, ni ibi tó yẹ kéèyàn lẹ̀ ẹ́ dé, ẹni tó yẹ kó lẹ̀ ẹ́, àti ẹni tí kò yẹ kó da ara rẹ̀ láàmú rárá.

Ibi tí ọ̀rá yìí ti wá kò jọ ibi afẹ́. Lásìkò ogun Vietnam, iyanrìn àti àfọ́kù irin ń jẹ abẹ̀bẹ̀ orí hẹlikọ́pítà àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ 3M ló ṣe ọ̀rá polyurethane kan tó nípọn tó sì ń tẹ̀, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ etí abẹ̀bẹ̀ náà kó lè máa jẹ ìyà dípò rẹ̀. Irú rẹ̀ ṣì wà lára hẹlikọ́pítà àti lórí imú ọkọ̀ òfuurufú títí dòní. Àwọn onímọ́tò ìdíje rí i, wọ́n gbà á, nígbà tó sì di àárín ọdún 1990 sí 2000 ó ti dé ọ̀dọ̀ àwa tí a kàn ń wa ọkọ̀ lójú títì. Ti ìgbà yẹn kò dára tó báyìí: ó le, kò gba kọ́rọ́, ó sì máa ń pọ́n rúsúrúsú lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ilé iṣẹ́ XPEL bẹ̀rẹ̀ ní San Antonio ní Texas lọ́dún 1997. Ètò kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà, èyí tí wọ́n fi ń gé ọ̀rá bá ara ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan mu. Lọ́dún 2011 ni wọ́n gbé Ultimate jáde, ọ̀rá tí ojú fífá fẹ́ẹ́rẹ́ ń parẹ́ lára rẹ̀ bí oòrùn bá pa á, ọjà náà sì yí padà láti ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rá tó lórúkọ lónìí, yálà ti 3M, ti XPEL, SunTek àti LLumar tí Eastman ń ṣe, tàbí STEK ti Gúúsù Kòríà, ohun kan náà ni wọ́n fi ṣe é: polyurethane tó ń yọ́ bí iná bá kàn án, tí wọ́n ń pè ní TPU, gọ́ọ̀mù lábẹ́ rẹ̀, ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wo ara rẹ̀ sàn lókè.

Ó nípọn tó nǹkan bíi 0.2 mìlímítà, ìyẹn 200 máíkírọ́ọ̀nù. Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan, àfi ìgbà téèyàn bá wọn ọ̀dà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọ̀dà ara ọkọ̀ tuntun, láti èyí tí kì í jẹ́ kí irin dógùn-ún títí dé kílíà tó ń dán lókè, sábà máa ń wà láàrin 100 sí 150 máíkírọ́ọ̀nù. Kílíà nìkan kì í ju 40 sí 50 lọ. Ọ̀rá tí ẹ lẹ̀ sórí rẹ̀ nípọn ju gbogbo ọ̀dà náà lápapọ̀. Síbẹ̀ nínípọn kọ́ ni àṣírí rẹ̀. Ọ̀dà le, nítorí náà ó ń fọ́; ọ̀rá ń tẹ̀, ó ń gba agbára òkúta mọ́ra, ó sì ń padà sípò.

Agbára òkúta náà kì í sì í ṣe ohun téèyàn lè fojú di. Bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tí òkúta yóò fi lù ú á di ìlọ́po mẹ́rin. Òkúta kan náà tó ba ọkọ̀ níbi tó ti ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí, bí ọkọ̀ náà bá ń sá 120, ìlọ́po mẹ́rin ìyà yẹn ni ọ̀dà máa jẹ. Àwọn tó ń ṣe ọ̀dà mọ èyí dáadáa. Ìlànà SAE J400 ti Amẹ́ríkà ní kí wọ́n fi afẹ́fẹ́ ta òkúta tí omi ti fọ̀ dán, tí ìwọ̀n rẹ̀ wà láàrin 9.5 sí 16 mìlímítà, lu pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti kùn, kí wọ́n wá ka iye ojú ibi tó ṣí. Kò sí ọ̀dà tó ń ti ibẹ̀ bọ̀ láìṣí àmì. Èyí tó bá gba àmì díẹ̀ ni wọ́n ń yìn.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ọkọ̀ spọ́ọ̀tì ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí jù? Eré nìkan kọ́. Imú rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀, nítorí náà òkúta tí táyà ọkọ̀ iwájú ń tú sókè kì í ríbi gbà kọjá. Ìdí rẹ̀ gbòòrò ju àyà rẹ̀ lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í sì í rò ni pé táyà rẹ̀ gan-an ń bá a jà. Irú táyà bíi Michelin Pilot Sport Cup 2 tí 911 GT3 ń wọ̀ jẹ́ rọ́bà rírọ̀. Bó bá ti gbóná, á máa lẹ̀ mọ́ gbogbo òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lójú ọ̀nà, á gbé e yípo, á sì tà á sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àti ìdí ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni pé bí ẹ tilẹ̀ jìnnà sí ọkọ̀ iwájú bó ti yẹ, ọkọ̀ yín ṣì ń sọ ara rẹ̀ lókùúta. Ní ti Corvette C8, tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn awakọ̀, ihò ńlá tó ń gba afẹ́fẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló dúró sójú ọ̀nà òkúta náà.

Ọ̀nà tí ẹ ń tọ̀ wá ṣe pàtàkì ju iye tí ẹ ra ọkọ̀ lọ. Àwọn ènìyàn wa tó wà ní Britain á mọ ohun tí mò ń sọ: bí ẹ̀rùn bá dé níbẹ̀, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ á da ọ̀dà títì sójú ọ̀nà, wọ́n á fọ́n òkúta wẹ́wẹ́ lé e, wọ́n á gbé àmì kalẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sáré ju 20 máìlì lọ, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kí táyà àwọn ará ìlú tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìṣòro ni pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń ka àmì. Irú títì bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní àwọn ọ̀nà ìgbèríko Texas náà. Ẹni tó ń gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ nílò ọ̀rá ju ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń jáde ní ọjọ́ Sunday nìkan lọ, kódà bó jẹ́ pé Ferrari ni ti ọjọ́ Sunday náà.

Nísinsìnyí, ohun tí kò lè ṣe. Kò lè dènà kíkó wọnú: bí ilẹ̀kùn ọkọ̀ mìíràn bá gbá ọkọ̀ yín níbi ìgbọ́kọ̀sí, irin yóò wọnú, ọ̀rá á sì wọnú tẹ̀ lé e. Òkúta ńlá tó ní etí mímú lè gún un já. Ọ̀rọ̀ pé ó ń wo ara rẹ̀ sàn náà ní ààlà tí àwọn ọlọ́jà kì í sọ: ìpele òkè yẹn nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà wẹ́wẹ́ tí aṣọ ìnukọ̀ ń fà sára ọkọ̀ á parẹ́ bí ẹ bá da omi gbígbóná sí i tàbí bí ọkọ̀ bá sùn sínú oòrùn, ṣùgbọ́n ibi tí kọ́kọ́rọ́ ti gé ọ̀rá wọ inú kò ní padà mọ́. Ẹ óò pààrọ̀ pánẹ́ẹ̀lì yẹn ni. Àǹfààní kan tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ni ti ìgbẹ́ ẹyẹ àti òkú kòkòrò, tí omi kíkan inú wọn ń jẹ kílíà. Ọ̀rá ń dènà ìyẹn, kìkì pé ó yẹ kí ẹ tètè fọ̀ ọ́.

Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí wọ́n ta seramíìkì fún yín ní ipò rẹ̀. Seramíìkì jẹ́ silica olómi tó ń gbẹ mọ́ ojú ọ̀dà, nínípọn rẹ̀ kò ju máíkírọ́ọ̀nù díẹ̀ lọ. Ó ń mú kí omi máa yọ́ dànù, ó ń mú kí fífọ̀ rọrùn, ọkọ̀ á sì máa dán. Òkúta kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Owó ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, iwájú ọkọ̀ lódindi, ìyẹn bọ́ńpà, bọ́nẹ́ẹ̀tì, fẹ́ńdà méjèèjì, iná àti díńgí ẹ̀gbẹ́, sábà máa ń gba nǹkan bíi 1,500 sí 2,500 dọ́là. Gbogbo ara ọkọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 5,000, ó sì ń kọjá 8,000 lára ọkọ̀ tí kọ́rọ́ rẹ̀ pọ̀. Àwọn tó lòdì sí i ní ọ̀rọ̀ kan tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní bọ́ńpà òde òní jẹ́ ike. Òkúta lè ṣí ọ̀dà rẹ̀, ike kì í dógùn-ún. Ẹ wa ọkọ̀ yín bó ṣe wù yín, ẹ jẹ́ kí bọ́ńpà náà gba àmì. Bí ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ gbé e lọ fún pẹ́ńtà tó mọṣẹ́ kó kùn ún lódindi. Ẹ ó san owó tó kéré sí ti ọ̀rá, ẹ ò sì ní máa ṣọ́ etí ọ̀rá fún ọdún mẹ́wàá.

Mo gbà pẹ̀lú wọn lórí bọ́ńpà. Mi ò gbà lórí ìyókù. Bọ́nẹ́ẹ̀tì àti fẹ́ńdà jẹ́ ohun mìíràn, pàápàá jùlọ lára ọkọ̀ tí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ń bá ara wọn du. Ẹni tó bá ń ra 911 tòkunbọ̀ ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà sábà máa ń mú ẹ̀rọ kékeré kan dání tó ń wọn nínípọn ọ̀dà. Bó bá gbé e lé fẹ́ńdà tó kà 120 máíkírọ́ọ̀nù, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Bó bá ka 300, á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bóyá ọkọ̀ náà ti forí gbá nǹkan rí. Pẹ́ńtà tó dára jù láyé kò lè dá 120 yẹn padà. Ọ̀dà ilé iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń kùn ún. (Ẹ̀rọ yẹn kò sì mọ ìyàtọ̀ láàrin ọ̀rá àti ọ̀dà, ara ọkọ̀ tó ní PPF á kà ju 300 lọ, nítorí náà ẹ tọ́jú rìsíìtì yín kí olùrà má baà fura lásán.)

Nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo fi rò pé ìpinnu tó bọ́gbọ́n mu fún ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ spọ́ọ̀tì wà láàrin méjèèjì: bọ́nẹ́ẹ̀tì lódindi, fẹ́ńdà, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ìdí níwájú táyà ẹ̀yìn, díńgí, àti bọ́ńpà bí owó bá wà. Ẹ má gba ìdajì bọ́nẹ́ẹ̀tì tí àwọn oníṣẹ́ kan ń fi ẹ̀dínwó bẹ yín. Ìlà tó dá ọ̀rá dúró láàrin bọ́nẹ́ẹ̀tì á máa gba eruku, láàárín ọdún kan á ti di ìlà dúdú tí gbogbo ayé ń rí. Òrùlé, ọwọ́ ilẹ̀kùn, ẹ̀yìn ọkọ̀: afẹ́ ni, mi ò sì bá afẹ́ jà, kí ẹni tó ń sanwó ṣáà mọ̀ pé ohun tó ń rà nìyẹn. Ẹni tó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, tó ń san án lóṣooṣù, tí yóò dá a padà, kí ló fẹ́ fi ọ̀rá ṣe? Ọ̀dà ẹlòmíràn ló ń bá tọ́jú.

Ohun méjì wà tí mo máa lẹ̀ láìro owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́ ni iná iwájú. Ike polycarbonate ni ojú rẹ̀, kò ṣe é kùn, oòrùn àti iyanrìn á sì sọ ọ́ di rúsúrúsú; iná LED kan ṣoṣo fún ọkọ̀ irú èyí ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, nígbà tí ọ̀rá tó máa bò ó kò gbówó lórí rárá. Èkejì ni ọ̀dà mátì, èyí tí kò dán. Bí aṣọ bá fá ọ̀dà tó ń dán, ẹ lè fọ́ ọ títí á fi parẹ́. Bí ẹ bá fọ́ mátì, ibẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dán, ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn, odindi pánẹ́ẹ̀lì ni ẹ máa tún kùn. Ọ̀rá mátì wà fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Gbogbo ohun tí mo ti sọ yìí lè di òfo lọ́wọ́ ẹni tí kò mọṣẹ́, ìdí nìyí tí mo fi rò pé ọwọ́ tó lẹ̀ ẹ́ ju orúkọ tí wọ́n kọ sára páálí lọ. Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Wọ́n á fọ ọkọ̀, wọ́n á yọ gbogbo ọ̀dà títì àti ìdọ̀tí tó ti wọ kílíà, wọ́n á fọ́n omi tó ní ọṣẹ díẹ̀ nínú sí i, púpọ̀ nínú wọn ọṣẹ ìfọrí ọmọdé ni wọ́n ń lò, kí ọ̀rá lè máa yọ̀ kiri títí á fi bọ́ sáyè rẹ̀. Wọ́n á wá fi rọ́bà pẹlẹbẹ ti omi náà jáde láti àárín lọ sí etí. Níbi tó bá yẹ kí gọ́ọ̀mù dì mọ́ra kíákíá, wọ́n á fọ́n omi tó ní ọtí líle nínú. Ní kọ́rọ́ ni a ti ń mọ ọ̀gá. Ẹni tó bá fa ọ̀rá jù níbẹ̀, á rí i lọ́la pé ó ti fà sẹ́yìn. Ẹni tí kò fà á tó, á rí i pé ó hunjọ. Ẹni tí kò sì ní yàrá tí a ti pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé á kó eruku sábẹ́ rẹ̀, eruku yẹn kò sì ní jáde mọ́.

Ìjà kan ṣì wà láàrin àwọn oníṣẹ́ lórí bí wọ́n ṣe ń gé e. Àwọn kan ń fi kọ̀ǹpútà gé e tẹ́lẹ̀, ó máa ń ku mìlímítà kan tàbí méjì kó dé etí pánẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n abẹ kì í kan ara ọkọ̀. Àwọn mìíràn á tẹ́ odindi ọ̀rá sórí ọkọ̀, wọ́n á gé e níbẹ̀, wọ́n á sì ká etí rẹ̀ wọnú. Èyí kejì lẹ́wà jù, etí kankan kò ní hàn, àmọ́ abẹ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá gbọ̀n ti gé kílíà yín, ẹ ò sì ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí ẹ bá bó ọ̀rá náà. Ẹ ní kí oníṣẹ́ fi ọkọ̀ tó ti lẹ̀ ní ọdún kan sẹ́yìn hàn yín, kì í ṣe èyí tó ṣe lánàá. Ẹ wo etí rẹ̀.

Àwọn ayédèrú náà wà. Èyí tí wọ́n fi PVC ṣe kò gbówó lórí, ó máa ń pọ́n, ó máa ń gan, tó bá dọjọ́ tí ẹ máa bó o, á máa já wẹ́wẹ́. Ọ̀kan tún wà tí wọ́n ń pè ní TPH, PVC ni òun náà tí wọ́n fi èròjà mú rọ̀, orúkọ rẹ̀ kàn jọ ti TPU. Àwọn ilé iṣẹ́ tó gbájúmọ̀ sábà máa ń fi ọdún 10 ṣe onídùúró fún ọ̀rá wọn pé kò ní pọ́n, kò ní sán, kò ní bó fúnra rẹ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà ara róòlù tí wọ́n gé tiyín lára rẹ̀, kí wọ́n sì fi orúkọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́. Kí ẹ sì kà á dáadáa: òkúta kò sí nínú ohun tí wọ́n ṣe onídùúró fún.

Nílé wa ńkọ́? Ọkọ̀ spọ́ọ̀tì tó ń rìn láàrin Ìkòyí àti Lẹ́kí kì í fi bẹ́ẹ̀ sáré tó ohun tí òkúta yóò fi pa á lára. Inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ló ń gbé. Ọ̀tá rẹ̀ ni ọwọ́ ìdarí alùpùpù tó fẹ́ gba àárín méjì kọjá, ẹ̀gbẹ́ dánfó, àti aṣọ gbígbẹ tí wọ́n fi ń nu ọkọ̀ láàárọ̀. Ọ̀rá lè gba díẹ̀ nínú ti alùpùpù. Ti dánfó, pánẹ́ẹ̀lì-bítà ló ni ín. Ti aṣọ ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́, tí eruku Sàhárà tó bà lé bọ́nẹ́ẹ̀tì jẹ́ iyanrìn kíkúnná. Ẹni tó bá nù ún ní gbígbẹ ń fi iyanrìn fọ́ kílíà ni. Lóòótọ́, irú ìlà wẹ́wẹ́ yẹn gan-an ni PPF mọ̀ ọ́n wò sàn, oòrùn tiwa kò sì ní jẹ́ kó pẹ́. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí ẹ tó san owó dọ́là fún gbogbo ara ọkọ̀, ẹ ra garawa méjì àti aṣọ tó rọ̀, ẹ sì bá ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ yín sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá ń gba màrosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn déédéé, ẹ lẹ iwájú.

Ewu kan wà tó jẹ́ tiwa ju ti òyìnbó lọ. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń wọlé láti Amẹ́ríkà ti ní ìjàǹbá rí, ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tó bàjẹ́ ni wọ́n ti rà á, ibòmíràn ni wọ́n ti tún un kùn. Ọ̀dà ilé iṣẹ́ di irin mú ṣinṣin, ọ̀rá lè bó lára rẹ̀ láìṣe nǹkan kan. Ọ̀dà tí wọ́n kùn lórí irin tí wọn kò fọ́ dáadáa máa ń tẹ̀ lé gọ́ọ̀mù jáde bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lẹ ọ̀rá mọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó wọn ọ̀dà rẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.

Bíbó rẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́. Ooru ni wọ́n ń fi ṣe é, díẹ̀díẹ̀, ní fífà á sún mọ́ ara ọkọ̀ dípò kí wọ́n fà á sókè. Èyí tí kò tíì gbó á jáde ní odindi; èyí tó ti pẹ́ jù nínú oòrùn á fi gọ́ọ̀mù sílẹ̀ lórí kílíà, ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọ́n á fi nù ún. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ra ọkọ̀ spọ́ọ̀tì tí ẹlòmíràn ti lẹ ọ̀rá mọ́, ẹ béèrè ọdún tó lẹ̀ ẹ́ àti irú èyí tó jẹ́, kí ẹ sì rí rìsíìtì. Bó bá ti lé ní ọdún mẹ́wàá, tàbí bí olùtà kò bá mọ̀, ẹ yọ owó bíbó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ máa san.